Mínísítà lónìí, aṣòfin lásán lọ́la: àlàyé lórí ogójì ọdún Herb Gray nínú òṣèlú Kánádà

Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ iṣẹ́ Herb Gray fún ìgbà àkọ́kọ́ lè rò pé ìtàn ènìyàn mẹ́ta ni wọ́n dà pọ̀. Ó di aṣòfin ní 1962. Ó di mínísítà ní 1969, wọ́n yọ ọ́ ní 1974, ó tún di mínísítà ní 1980. Ní 1984, kò sí nínú ìjọba mọ́. Ní 1990, òun ni olórí àwọn alátakò, kò sì tó ọdún kan tó fi kúrò níbẹ̀. Ní 1993, ó tún padà di mínísítà. Ní 1997, ó di igbákejì olóòtú ìjọba, ó wá fi ilé aṣòfin sílẹ̀ pátápátá ní oṣù kìíní ọdún 2002. Ní gbogbo àsìkò yìí, kò fi ẹgbẹ́ òṣèlú Liberal sílẹ̀ rí. Ìgbà mẹ́tàlá ló díje, ìgbà mẹ́tàlá náà ló wọlé.

Ìbéèrè tí àwọn ará wa máa ń bi mí nìyí, pàápàá àwọn tó ti di ọmọ onílùú ní Kánádà tí wọ́n sì fẹ́ dìbò: bí kò bá pa ẹgbẹ́ dà, tí kò sì fìdí rẹmi, kí ló ń gbé e jáde tó tún ń gbé e wọlé bẹ́ẹ̀? Ìbéèrè gidi ni, nítorí pé ètò ìjọba ààrẹ ló ti mọ́ àwa ọmọ Nàìjíríà lára. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nǹkan méjì ni Gray ní lọ́wọ́, ibi tí méjèèjì sì ti wá yàtọ̀ síra. Àwọn olùdìbò ẹkùn rẹ̀ ló fún un ní ìjókòó nínú ilé aṣòfin. Olóòtú ìjọba ló ń fún un ní ipò mínísítà, ẹni tó sì gbé ipò yẹn fúnni lè gbà á padà lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ẹnikẹ́ni ò gba ìjókòó lọ́wọ́ Gray rí. Ipò mínísítà ló ń lọ tó ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìjókòó yẹn ti wá. Ìlú Windsor ní ìpínlẹ̀ Ontario ni wọ́n bí Gray sí ní 1931. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, apá ilẹ̀ tó ń jẹ́ Belarus lónìí ni wọ́n ti ṣí wá, wọ́n sì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú náà. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ òwò ní yunifásítì McGill ní Montreal, ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní Osgoode Hall ní Toronto, ó sì padà wálé wá díje. Odò Detroit ló pààlà láàárín Windsor àti ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá dúró létí odò yẹn ní Windsor tó wá kọjú sí Amẹ́ríkà, àríwá ló kọjú sí. Ó máa ń ya àlejò lẹ́nu, nítorí pé ohun tí a mọ̀ ni pé òkè Amẹ́ríkà ni Kánádà wà. Láti 1929 ni afárá Ambassador ti so ìlú méjèèjì pọ̀, tí ọkọ̀ akẹ́rù ń gba orí rẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Iṣẹ́ ọkọ̀ ni iṣẹ́ ìlú náà lásìkò Gray: Ford, Chrysler, General Motors, àti àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké tó ń rọ ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún wọn. Bí ọjà ọkọ̀ bá kùtà ní Detroit, owó oúnjẹ ló ń wọ́n nínú ilé ní Windsor.

Nínú àkọsílẹ̀, ẹ máa rí orúkọ ẹkùn méjì fún un: Essex West láti 1962 sí 1968, Windsor West láti ìgbà náà lọ. Kò ṣí kúrò níbì kan lọ síbì kejì o. Wọ́n tún ààlà ẹkùn pín ni, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lẹ́yìn ètò ìkànìyàn. Kánádà ò sì ní òfin kankan tó ní kí aṣòfin má lọ kọjá iye sáà kan. Níwọ̀n ìgbà tí àwọn ará ẹkùn bá ṣì ń fẹ́ ẹ, kò sí ẹni tó lè ní kó máa lọ.

Ibi tó ti yàtọ̀ sí tiwa jù nìyí. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní abala 147, sọ pé bí wọ́n bá fi aṣòfin àpapọ̀ ṣe mínísítà, ní kété tó bá ti búra fún ipò yẹn ni ìjókòó rẹ̀ nílé aṣòfin ti bọ́. Kò lè di méjèèjì mú. Ní Kánádà, òdìkejì rẹ̀ gan-an ni wọ́n ń ṣe. Láàárín àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni olóòtú ìjọba ti ń yan mínísítà, ẹni tó bá sì di mínísítà ṣì ni aṣòfin ẹkùn rẹ̀, á máa jókòó nílé aṣòfin, á máa dìbò níbẹ̀, á sì máa padà sílé lọ gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn tó yàn án. Irú ètò yìí náà la lò ní Nàìjíríà láti ìgbà òmìnira títí di 1966. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi lè jẹ́ olórí alátakò nílé aṣòfin ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, tó jókòó tó kọjú sí Tafawa Balewa tó jẹ́ olóòtú ìjọba. Àwọn àgbà tó bá rántí ìgbà yẹn, ètò ìjọba Ottawa, olú-ìlú Kánádà, ò lè ṣòro fún wọn láti lóye.

Ní 1969, nígbà tí Pierre Trudeau jẹ́ olóòtú ìjọba, ó fi Gray ṣe mínísítà, ó sì di Júù àkọ́kọ́ tó wọ ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà ìjọba àpapọ̀ Kánádà. Wọn ò kọ́kọ́ fún un ní ilé-iṣẹ́ kankan láti máa darí. Irú mínísítà bẹ́ẹ̀ wà: ó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀, ó ní ohùn níbẹ̀, iṣẹ́ tí olóòtú ìjọba bá sì rán an ló ń jẹ́. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba ilé-iṣẹ́ owó orí, tó ní àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ọmọ ìlú ẹnubodè ni. Ó ti mọ ohun tí ẹrù ń rí ní bọ́dà kí wọ́n tó fi iṣẹ́ yẹn lé e lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí Trudeau rán an lásìkò yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, ọ̀pọ̀ ọmọ Kánádà ń kùn pé àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ló ni fákítìrì àti kànga epo tó pọ̀ jù nílẹ̀ wọn. Ìpinnu tó kan òṣìṣẹ́ ní Ontario tàbí Alberta, yàrá ìpàdé kan ní New York tàbí Detroit ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n ní kí Gray yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1972, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí dòní, Gray Report. Kò ní kí wọ́n lé àwọn àjèjì. Ohun tó sọ ni pé kí ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ tí yóò máa bi ilé-iṣẹ́ òkèèrè tó bá fẹ́ ra ilé-iṣẹ́ Kánádà léèrè pé: àǹfààní wo ni èyí máa ṣe fún Kánádà? Bí ìdáhùn ò bá tẹ́ ìjọba lọ́rùn, kò sí títà kò sí rírà.

Mo rò pé ó gba ìgboyà kí aṣòfin Windsor tó lè kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Fákítìrì Amẹ́ríkà ló ń bọ́ ẹkùn rẹ̀. Ẹni tó ń wá ibi tó rọrùn kò ní sún mọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rárá. Ṣùgbọ́n ó ti rí i láti kékeré bó ṣe ń rí fún ìlú tí ọ̀gá rẹ̀ ń gbé òdìkejì odò: nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, gbogbo ẹni ń yọ̀, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kò sí ẹni tó ń pe Windsor sí ìpàdé. Ní 1973 ni ilé aṣòfin fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ náà sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1974. Inú Washington ò dùn sí i rárá. Nígbà tí Brian Mulroney di olóòtú ìjọba lẹ́yìn náà, ó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn ní 1985, ó rọ àyẹ̀wò náà sílẹ̀, ó sì kéde pé ilẹ̀kùn Kánádà ti ṣí fún olókòwò. Síbẹ̀ òfin tó rọ́pò rẹ̀ ṣì wà títí di òní, ìjọba ṣì lè fi dá rírà ilé-iṣẹ́ ńlá dúró. Ìbéèrè Gray ò kúrò nílẹ̀.

Ọdún 1974 yẹn gan-an ni wọ́n yọ ọ́ nípò mínísítà. Ibí ló ń rú àwọn ènìyàn lójú jù. Ẹgbẹ́ Liberal ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìjókòó ní oṣù keje ni. Gray náà wọlé ní Windsor. Trudeau to ìgbìmọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, orúkọ Gray ò sì sí níbẹ̀. Olóòtú ìjọba Kánádà ò jẹ ẹnikẹ́ni ní àlàyé lórí irú èyí. Kì í gbé orúkọ mínísítà lọ síwájú ilé aṣòfin fún àyẹ̀wò bí ààrẹ wa ṣe ń gbé e lọ síwájú àwọn sẹ́nétọ̀. Nígbà tó bá ń to ìgbìmọ̀, ó ń wo ìpínlẹ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá, ó ń wo àwọn tó ń sọ Faransé àti àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń wo ẹni tó fẹ́ gbé sókè. Ontario máa ń ní aṣòfin tó pọ̀ ju ipò tó wà lọ, nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó sẹ́yìn. Ìyẹn náà ni Gray ṣe fún ọdún mẹ́fà: ó jókòó sẹ́yìn. Kò bínú lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, kò sì kọ̀wé pé òun ò ṣe mọ́.

Ẹgbẹ́ Liberal pàdánù ìjọba ní 1979, Joe Clark ti ẹgbẹ́ Progressive Conservative sì di olóòtú ìjọba láìní ìjókòó tó ju ìdajì lọ nílé aṣòfin. Gray ni agbẹnusọ ẹgbẹ́ alátakò lórí ọ̀rọ̀ ìṣúná. Ní oṣù kejìlá ọdún yẹn, Clark gbé ètò ìṣúná rẹ̀ síwájú ilé. Aṣòfin 139 dìbò ta ko ìjọba, 133 dìbò fún un, ìjọba sì ṣubú lọ́gán. Bí ètò yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn: ìjọba tí ilé aṣòfin bá kọ ìṣúná rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, wọ́n á padà lọ bá àwọn olùdìbò. Ní oṣù kejì ọdún 1980, Liberal wọlé padà, nígbà tó sì di oṣù kẹta, Gray ti di mínísítà fún ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti òwò.

Ó bá Chrysler lórí àìsàn. Ilé-iṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọgbèsè tán, Amẹ́ríkà ti ṣe òfin láti dúró fún un lórí ẹ̀yáwó bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là. Wọ́n wá bá Kánádà náà. Gray ni wọ́n jókòó tì, ẹni tó kọ ìwé pé kí wọ́n máa bi àjèjì léèrè àǹfààní tí Kánádà máa rí. Ó sì bi wọ́n léèrè. Ìjọba gbà láti dúró fún ẹ̀yáwó, ṣùgbọ́n ó so mọ́ ọn pé Chrysler gbọ́dọ̀ ṣe ìlérí iye iṣẹ́ àti owó tí yóò ná sí Kánádà. Ní 1983, fákítìrì Chrysler ní Windsor bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú bọ́ọ̀sì kékeré tí ìdílé fi ń rìn, èyí tí wọ́n ń pè ní minivan, ọkọ̀ yẹn sì tà bí ẹni pé ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Caravan tí ẹ ti wọ̀ rí, Windsor ni wọ́n ti to irin rẹ̀ pọ̀.

Lẹ́yìn èyí ó bọ́ sí Treasury Board ní 1982, ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ bí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ṣe ń náwó. John Turner tó gbapò Trudeau ní 1984 ò sì yọ ọ́. Ìbò ọdún yẹn ló gbá gbogbo wọn dànù. Ìjókòó 40 péré ló kù fún Liberal nínú 282. Ọ̀kan nínú ogójì yẹn ni Windsor West.

Ní báyìí ẹ wá wo 1990. Turner fi ipò olórí alátakò sílẹ̀ ní oṣù kejì, Gray sì dúró fún un nílé aṣòfin. Ní oṣù kẹfà, ẹgbẹ́ dìbò yan Jean Chrétien gẹ́gẹ́ bí olórí wọn. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ló dé tí Gray ṣì fi jẹ́ olórí alátakò títí di oṣù kejìlá nígbà tí ẹgbẹ́ ti ní olórí tuntun. Ìdí ni pé Chrétien ò ní ìjókòó nílé aṣòfin nígbà náà. Ó ti fi òṣèlú sílẹ̀ láti 1986. Olórí ẹgbẹ́ lọ́tọ̀, olórí alátakò lọ́tọ̀. Ẹni tí kò bá jẹ́ aṣòfin kò lè dìde nílé láti bi olóòtú ìjọba léèrè ọ̀rọ̀. Ó di ìgbà tí Chrétien wọlé ní ẹkùn Beauséjour ní New Brunswick ní oṣù kejìlá kí Gray tó dìde kúrò lórí àga yẹn fún un. Kò bá a jà sí i. Ẹni tó ti rí bí ipò ṣe ń lọ tó ń bọ̀ fún ogún ọdún ni.

Chrétien ò gbàgbé. Nígbà tó di olóòtú ìjọba ní 1993, ó fi Gray ṣe mínísítà tó ń mójú tó ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n àti àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ó sì tún fi ṣe olórí àwọn aṣòfin ìjọba nínú ilé, ẹni tó ń to ọjọ́ tí òfin kọ̀ọ̀kan máa wá sílé àti ọjọ́ tí wọ́n máa dìbò lé e. Àsìkò yìí ni àwọn oníròyìn sọ ọ́ ní Gray Fog, kùrukùru Gray.

Ní ọjọ́ tí ilé aṣòfin bá jókòó, ìṣẹ́jú 45 wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìbéèrè. Àwọn mínísítà á wà níwájú ní ọwọ́ ọ̀tún Speaker tó ń darí ìjókòó ilé, àwọn alátakò á wà ní ọwọ́ òsì, wọ́n á kọjú síra wọn. Alátakò kan á dìde, á na ìka, á lọgun pé mínísítà wo ló máa kọ̀wé fipò sílẹ̀ lórí ìwà àìbìkítà yìí. Gray á rọra dìde tòun ti dígí ojú rẹ̀, á fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn gígùn kan tó ń lọ sápá ọ̀tún tó ń lọ sápá òsì, á sì jókòó. Ibi tí wọ́n máa di ọ̀rọ̀ náà mú ò ní sí. Iná tó fẹ́ jó á kú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ka èyí sí àìdáhùn ìbéèrè, wọn ò sì jayò pa. Ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí ìdáhùn tó lórí tó nídìí. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Chrétien gbà á sí nìyẹn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o.

Igbákejì olóòtú ìjọba tó di ní 1997 náà ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Kò jọ igbákejì ààrẹ tiwa. Ìwé òfin Kánádà ò mẹ́nu ba ipò yẹn rárá. 1977 ni Trudeau dá a sílẹ̀. Olóòtú ìjọba tó bá wù ú lè fi í sílẹ̀ láìyan ẹnikẹ́ni. Bí olóòtú ìjọba bá kú tàbí tó lọ, igbákejì ò gorí àga fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ á yan olórí tuntun. Ohun tí ipò náà fi hàn ni pé olóòtú ìjọba fọkàn tán ẹni náà láti dúró fún un nígbà tí kò bá sí nílé.

Oyè tó wà níwájú orúkọ rẹ̀ náà nílò àlàyé díẹ̀. Gbogbo ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin ní Àbújá là ń pè ní Ọnọ́rébù. Ní Ottawa, aṣòfin lásán kì í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá búra wọ ìgbìmọ̀ Privy Council, tí gbogbo mínísítà gbọ́dọ̀ wọ̀, ló tó ń gbà á, kò sì ní bọ́ kúrò lórí rẹ̀ títí láé. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìròyìn 1977 fi lè pe Gray ní Honourable nígbà tí kò jẹ́ mínísítà mọ́. Right Honourable ló ga jù, ti olóòtú ìjọba, Gómìnà Àgbà àti adájọ́ àgbà ni. Gray ò ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ ní 2002, Gómìnà Àgbà Adrienne Clarkson fi oyè náà dá a lọ́lá.

Kò lọ jókòó sílé. Ó di alága fún ẹ̀ka Kánádà nínú àjọ International Joint Commission, tí àdéhùn 1909 dá sílẹ̀ láti máa parí aáwọ̀ omi láàárín Kánádà àti Amẹ́ríkà, odò Detroit tí wọ́n bí i sí etí rẹ̀ sì wà lára omi yẹn. Ó wà níbẹ̀ títí di 2010. Ó kú ní Ottawa ní oṣù kẹrin ọdún 2014, lẹ́ni ọdún 82. Ọ̀nà kìlómítà 11 tó gba inú Windsor lọ sí ẹnubodè, tó ní ihò abẹ́ ilẹ̀ 11, ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ báyìí.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò sí ohun ńlá nínú ìwọlé ìgbà mẹ́tàlá, pé ẹkùn Liberal ni Windsor West, pé ẹnikẹ́ni tí ẹgbẹ́ bá fà kalẹ̀ níbẹ̀ ló máa wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, wọ́n dìbò láti fi ẹlòmíràn rọ́pò Gray. Liberal ṣì ń ṣèjọba ní Ottawa nígbà náà, Chrétien ṣì wà lórí àga. Brian Masse ti ẹgbẹ́ NDP ló wọlé, ó sì di ìjókòó náà mú títí di 2025, tí ẹgbẹ́ Conservative gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Gray ti lọ, Liberal kankan ò tíì wọlé ní Windsor West.